Sọ́fítíwià Tàbí Mọ́nítọ̀: Níbo Ni Kí Owó Ayàwòrán Kọ́kọ́ Lọ?

Ẹni tó ń ya fọ́tò nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀, tí kì í ṣe pé ó ń jẹun nídìí kámẹ́rà, kì í pẹ́ dé oríta yìí. Ó ti ra kámẹ́rà tòkunbọ̀, ó ti ní lẹ́ǹsì kan tàbí méjì, owó díẹ̀ sì ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Ṣé sọ́fítíwià tí yóò máa fi ṣe àtúnṣe fọ́tò ni kó ná an sí, àbí mọ́nítọ̀ tí yóò máa fi wò ó? Ọ̀pọ̀ ni yóò ní kó pín owó náà sí méjì ọgbọọgba. Èmi kò gbà. Bí owó kò bá ká méjèèjì, kó gbé gbogbo rẹ̀ lé mọ́nítọ̀, kó sì wá sọ́fítíwià ọ̀fẹ́. Ìdí ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ tú, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń náwó síbi tí kò yẹ pọ̀ lóde, ó sì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi owó mú un. Ní ọdún 2013 ni Adobe pinnu pé Photoshop kò ní jẹ́ ohun tí ènìyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan kó di tirẹ̀ mọ́. Owó oṣooṣù ni wọn yóò máa gbà. Lightroom náà tẹ̀ lé e: Lightroom 6, tó jáde ní 2015, ni ìkẹyìn irú èyí tí a lè sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, $9.99 lóṣù ni ẹni tó fẹ́ Photoshop àti Lightroom pọ̀ ń san. Ní oṣù kìíní 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ àwọn oníbàárà tuntun. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, $19.99 lóṣù ni yóò san kó tó rí méjèèjì gbà.

Ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, ọmọ Yorùbá tó ń gbowó oṣù lè má mọ̀ ọ́n lára. Nílé ńkọ́? Kí ìjọba tó jẹ́ kí náírà máa wá ipò ara rẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan ní báǹkì. Ní 2024 ó ti kọjá 1,500. Owó tó jẹ́ nǹkan bí 4,600 náírà lóṣù di 15,000, bẹ́ẹ̀ Adobe kò fi sẹ́ńtì kan lé e nígbà náà. $19.99 wá jẹ́ nǹkan bí 30,000 náírà lóṣù, 360,000 lọ́dún, ká má tíì sọ ti káàdì báǹkì tó lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ tí a nílò rẹ̀ jù. Bí ènìyàn bá sì dáwọ́ sísan dúró, Lightroom Classic yóò ṣì jẹ́ kó wo àwọn fọ́tò rẹ̀, yóò jẹ́ kó kó wọn jáde, ṣùgbọ́n apá ibi tí a ti ń tún fọ́tò ṣe yóò tì. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò kàn lè fọwọ́ kàn án mọ́ ni.

Kí n sọ òtítọ́ nípa Lightroom: irinṣẹ́ tó dára ni. Bí ènìyàn bá ya ẹgbẹ̀rún fọ́tò níbi ìgbéyàwó kan, ó ṣòro láti rí èyí tó tún rọrùn tó o fún ṣíṣà wọn, títò wọ́n, àti fífi àtúnṣe ẹyọ kan kan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Láti 2022 ló ti lè dá ojú, ẹyinjú àti awọ ara ènìyàn mọ̀ fúnra rẹ̀, tí ẹ lè mú kí ojú ìyàwó mọ́lẹ̀ sí i láìfọwọ́ kan gèlè rẹ̀. Ní 2023 wọ́n tún fi ohun tó ń nu hóróhóró inú fọ́tò tí a yà lókùnkùn kún un. Fún ẹni tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn, owó yẹn lè padà wá. Ẹni tó ń ya ogún fọ́tò lọ́jọ́ Sátidé ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ìwọ̀n eku sì ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí a ń da ara wa láàmú, nígbà tí ẹni tí yóò fi Photoshop kíráàkì síni ní kọ̀ǹpútà wà lọ́jà, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Mo kórìíra ọ̀nà yẹn. Olè jíjà ni, ìyẹn lákọ̀ọ́kọ́. Èkejì ni pé ẹni tó kọ kíráàkì náà kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ìfẹ́ tiwa; ohun tó ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà báǹkì lè wà nínú rẹ̀, orí kọ̀ǹpútà kan náà tí a fi ń san owó ni a sì gbé e sí. Ẹ̀kẹta ni pé àwáwí tó wà tẹ́lẹ̀, pé kò sí òmíràn tó dára, ti tán báyìí.

Ó ti tán lóòótọ́. GIMP ni kí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Berkeley ní California, Spencer Kimball àti Peter Mattis, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1995. Ó pẹ́ tí àwọn ayàwòrán fi ń fojú kéré rẹ̀, wọ́n sì ní ìdí: kí ẹ̀dà 2.10 tó jáde ní 2018, ìpele 256 péré ló mọ̀ nínú pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Ẹ̀dà 3.0 tó jáde ní oṣù kẹta 2025 sì jẹ́ kí a lè padà yí àtúnṣe tí a ti ṣe sórí fọ́tò padà láìba ojúlówó jẹ́. Fún pípa irorẹ́ rẹ́ lójú, yíyọ wáyà iná kúrò lójú ọ̀run, tàbí síso fọ́tò méjì pọ̀, GIMP tó.

Ohun tí GIMP kò lè dá ṣe ni ṣíṣí fáìlì RAW, ìyẹn fọ́tò bí kámẹ́rà ṣe gbà á gan-an, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Fọ́tò JPEG ní ìpele 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. RAW tí kámẹ́rà wa ń kó pamọ́ ní 4,096 tó bá jẹ́ ti bíìtì 12, tàbí 16,384 tó bá jẹ́ ti bíìtì 14. Ẹni tó ya ìyá àgbà lábẹ́ ìṣíji tí oòrùn wà lẹ́yìn wọn mọ ohun tí mo ń wí. Tó bá gbìyànjú láti fa ojú wọn jáde nínú òkùnkùn lórí JPEG, awọ ara á máa pín sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́ bí ilà. Lórí RAW, ojú náà á jáde pẹ̀lú gbogbo ìlà àti ìtàn rẹ̀. Nítorí náà, sọ́fítíwià tó ń ṣí RAW ni kí olùbẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ wá, kí ọ̀rọ̀ GIMP tó tẹ̀ lé e.

Darktable àti RawTherapee ni méjì tó gbajúmọ̀ jù nínú ti ọ̀fẹ́. Darktable, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, ti wà fún Windows láti òpin 2017. Agbára rẹ̀ wà nínú bí a ṣe lè ya apá kan fọ́tò sọ́tọ̀: ẹ lè fi máòsì fa ilà yí ojú ká, tàbí kí ẹ ní kó mú gbogbo ibi tí àwọ̀ rẹ̀ bá rí báyìí, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá tó báyìí. Ṣùgbọ́n ó le kọ́. Nǹkan mẹ́rin lè wà níbẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, olùbẹ̀rẹ̀ kò sì ní mọ èyí tí yóò mú. Ó tún ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára. Lórí lápútọ́ọ̀pù tó ní mẹ́mọ́rì 4GB, á máa fà bí ìgbín. RawTherapee kò béèrè káàdì tó ń gbé àwòrán yára, àlàyé rẹ̀ rọrùn láti tẹ̀ lé, láti ẹ̀dà 5.9 tó jáde ní 2022 ló sì ti ń jẹ́ kí a ṣe àtúnṣe sí apá kan fọ́tò nìkan. Bí lápútọ́ọ̀pù yín bá jẹ́ tòkunbọ̀ àtijọ́, RawTherapee ni mo fọwọ́ sí. Bí ó bá ní 8GB sókè, tí ẹ sì ní sùúrù, darktable ni yóò gbé yín dé ọ̀nà jíjìn jù.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń gbójú fò. Ilé iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà yín ti fún yín ní sọ́fítíwià. Digital Photo Professional ni ti Canon, NX Studio ni ti Nikon láti 2021, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, àwọ̀ tí ẹ rí lẹ́yìn kámẹ́rà ni wọn yóò sì fi bẹ̀rẹ̀. RAW ti ilé iṣẹ́ tiwọn nìkan ni wọ́n ń ṣí, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa ní. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi nílò ju èyí lọ.

Affinity ló da ọ̀rọ̀ náà rú jù lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Serif, ilé iṣẹ́ kan ní Nottingham, ló gbé Affinity Photo jáde ní 2015, a sì ń rà á lẹ́ẹ̀kan péré. Canva ra Serif ní 2024, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá 2025, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá ní àkáǹtì Canva. Kìkì àwọn ohun tó ń lo ọgbọ́n àtọwọ́dá ni wọ́n ń gbowó lé. Ó ń ṣí RAW, ó ń to fọ́tò lérí ara wọn bíi Photoshop, ojú rẹ̀ sì mọ́ ju ti GIMP lọ. Ẹni tó bá mú un kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ yìí àti ọ̀fẹ́ ti GIMP kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìwé àṣẹ tí wọ́n fi tú GIMP, darktable àti RawTherapee sílẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè gba èyí tó ti wà lọ́wọ́ wa padà. Ti Affinity, ọwọ́ Canva ló wà. Bí wọ́n bá yí ọkàn padà lọ́la, ẹjọ́ kò sí. Nítorí náà, bí mo bá ń kọ́ ọmọ kan, èmi yóò fi RawTherapee tàbí darktable kọ́ ọ, kí Affinity tó tẹ̀ lé e.

Ti fóònù kò gbọdọ̀ pẹ́ lẹ́nu wa. Snapseed ti Google jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì dára fún fọ́tò tí a yà lójú ọ̀nà. Photopea ń ṣiṣẹ́ nínú búráúsà láìfi ohunkóhun sórí kọ̀ǹpútà, ó sì wúlò fún ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà.

Ibi tí mo ń lọ rèé. A ti rí i pé irinṣẹ́ tó tó wà lọ́fẹ̀ẹ́. Mọ́nítọ̀ ńkọ́? Kò sí ẹni tó ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí sọ́fítíwià tó lè tún mọ́nítọ̀ burúkú ṣe. Mọ́nítọ̀ tó ń purọ́ dà bí téèpù aránṣọ tó ti fà: bó ti wù kí ọwọ́ aránṣọ dára tó, aṣọ kò ní ṣe déédéé lára ẹni tó ni ín. Bí mọ́nítọ̀ bá ń fi àwọ̀ pupa kún ojú ènìyàn, ẹ ó máa yọ pupa kúrò nínú fọ́tò tí kò ní àléébù, títí ojú á fi rí bí ti aláìsàn lórí fóònù gbogbo ẹni tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí. Photoshop tó wọ́n jù láyé kò lè sọ èyí fún yín.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí ó ṣe kan ẹlòmíràn lọ. Láyé fíìmù, Kodak máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn lábù tí wọ́n yóò máa fi wọn àwọ̀. Obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n sì ń pe káàdì náà. Bí awọ Shirley bá ti jáde dáadáa, iṣẹ́ tán. Lorna Roth, olùkọ́ yunifásítì ní Kánádà, ti kọ nípa bí àwọn ènìyàn dúdú ṣe ń sọnù nínú fọ́tò nítorí èyí. Ní báyìí, kò sí káàdì láàárín wa àti fọ́tò wa mọ́. Àwa fúnra wa là ń pinnu bí awọ ara ìyá wa yóò ṣe rí, mọ́nítọ̀ ló sì ń sọ ohun tí a fi ń pinnu fún wa. Awọ adúmáadán kún fún ìpele tó sún mọ́ra: dúdú abẹ́ àgbọ̀n yàtọ̀ sí dúdú ẹ̀gbẹ́ imú, dídán iwájú orí sì yàtọ̀ sí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mọ́nítọ̀ tí kò dára á kó gbogbo wọn pọ̀ sí ojú kan. Ẹ rántí àwọn fọ́tò irun dídì àti irun kíkó tí ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, J. D. 'Okhai Ojeikere, bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968. Funfun àti dúdú ni wọ́n, síbẹ̀ a lè fojú tọ òwú irun kọ̀ọ̀kan. Irú ìpele bẹ́ẹ̀ ni mọ́nítọ̀ burúkú kọ́kọ́ máa ń gbé mì.

Irú ojú mọ́nítọ̀ mẹ́ta ló wọ́pọ̀: TN, VA àti IPS. TN ló pọ̀ nínú àwọn tí owó wọn kéré jù àti nínú lápútọ́ọ̀pù àtijọ́. Bí ẹ bá gbé orí sókè díẹ̀, fọ́tò á funfun. Bí ẹ bá rẹ orí sílẹ̀, á ṣókùnkùn. Èwo nínú méjèèjì ni fọ́tò yín? Ẹ ò lè mọ̀. Ara páálí ni a ti ń dá a mọ̀: bí wọ́n bá kọ igun ìwòran rẹ̀ ní 170/160, TN ni, ẹ fi í sílẹ̀. VA ń kọ 178/178, dúdú rẹ̀ sì jinlẹ̀ gan-an, ó dùn ún fi wo fíìmù. Ṣùgbọ́n dúdú tó sún mọ́ dúdú máa ń rì nínú rẹ̀ nígbà tí a bá jókòó síwájú rẹ̀ gan-an. Ẹ fi fọ́tò bàbá kan tó wọ ẹtù síbẹ̀, ẹ ó rí i pé àwọn ilà tóóró inú ẹtù náà ń parẹ́ sínú aró. IPS náà ń kọ 178/178. Dúdú rẹ̀ kò jin tó ti VA, igun rẹ̀ sì lè máa tàn díẹ̀ lálẹ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà bí orí bá yí. IPS ni kí ẹ rà.

Òǹkà kejì tí mo fẹ́ kí ẹ wá ni ti àwọ̀. Ìwọ̀n tí íńtánẹ́ẹ̀tì, fóònù àti lábù ń lò jù ni sRGB, tí HP àti Microsoft gbé kalẹ̀ ní 1996. Mọ́nítọ̀ tí wọ́n kọ 100% sRGB sí lára tó, tàbí 72% NTSC, tí í ṣe ìwọ̀n àwọ̀ mìíràn. Ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú jẹ́ 45% NTSC, ìyẹn kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún sRGB lọ. Lórí irú wọn, àlàárì á dà bí aṣọ tó ti ṣí, ẹ ó sì máa fi pupa kún un títí tí yóò fi máa ta yín lójú lórí fóònù ẹlòmíràn. Ní ìdàkejì, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi mọ́nítọ̀ Adobe RGB, tí àwọ̀ rẹ̀ gbòòrò ju ti sRGB lọ, tàn yín láti náwó jù. Owó rẹ̀ ga, àwọ̀ fọ́tò lásán sì máa ń pọ̀ jù lórí rẹ̀ nínú sọ́fítíwià tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣètò àwọ̀. Ti ẹni tó ń tẹ ìwé àwòrán ńlá nìyẹn.

Ní ti títóbi, íǹṣì 24 pẹ̀lú 1920×1080 tàbí 1920×1200 ni mo fẹ́ràn jù fún olùbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbé 1920×1080 kan náà sórí íǹṣì 27, hóró rẹ̀ á ti máa hàn, ẹ ó sì rò pé fọ́tò yín kò mú. Íǹṣì 27 fẹ́ 2560×1440.

Tuntun tàbí tòkunbọ̀? Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ASUS ProArt PA248QV jáde, nǹkan bí igba dọ́là ni: íǹṣì 24, IPS, 100% sRGB, àwọ̀ tí wọ́n ti wọ̀n láti ilé iṣẹ́. Ẹ fi èyí wé $19.99 lóṣù méjìlá, tó jẹ́ $239.88. Owó ọdún kan péré tí à bá fi háyà sọ́fítíwià ra mọ́nítọ̀ yẹn, ó sì tún ṣẹ́ kù. Mọ́nítọ̀ á sì wà fún ọdún púpọ̀. Nílé, owó rẹ̀ á gòkè nítorí ọkọ̀ òkun àti ẹnubodè, tí ó fi jẹ́ pé tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa yóò lè rà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn ọ́fíìsì òyìnbó máa ń kó UltraSharp ti Dell jáde lọ́pọ̀, irú U2412M tó jáde ní 2011, IPS oní 1920×1200, ẹ ó sì rí wọn ní ọjà kọ̀ǹpútà Otigba ní Ìkẹjà. Ẹ yẹra fún èyí tó dàgbà ju ìyẹn lọ. Àwọn tí iná inú wọn kì í ṣe LED máa ń di aláwọ̀ ìyeyè bí wọ́n bá ti pẹ́, wọ́n sì ń jẹ iná jù.

Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà, ẹ kó fọ́tò mẹ́ta sórí fíláàṣì: ojú ẹni dúdú kan nínú ìṣíji, ẹtù tàbí àdìrẹ tó ṣú, àti fọ́tò tó jẹ́ àwọ̀ eérú látòkè délẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà fi HDMI tàbí DisplayPort so ó, kó má fi VGA so ó, nítorí VGA lè mú kí àwòrán má mú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀, ẹ dìde. Àwọ̀ eérú ni yóò tú àṣírí: bí apá kan rẹ̀ bá pọ́n, tí apá kejì bá ní búlúù, ẹ má rà á. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún ọdún tí wọ́n ṣe é, kí ẹ sì rí i pé 100–240V ni wọ́n kọ síbi tí iná ń gbà wọlé. Mọ́nítọ̀ LED íǹṣì 24 lè máà ju nǹkan bí ogún wáàtì lọ, bátìrì àti inverter kékeré á gbé e nígbà tí iná bá lọ. Àwọn mọ́nítọ̀ onígò ńlá àtijọ́ kò ṣeé fi wé e.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e délé, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Èyí ló ń fa ẹjọ́ tí mò ń gbọ́ jù lọ: pé fọ́tò tó dára nílé dúdú nígbà tí lábù tẹ̀ ẹ́ jáde. Lábù kọ́ ló jẹ̀bi nígbà púpọ̀. Mọ́nítọ̀ máa ń ti ilé iṣẹ́ wá ní 250 sí 300 cd/m², nígbà tó jẹ́ pé 80 sí 120 ni fọ́tò tí a fẹ́ tẹ̀ sórí ìwé ń fẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù á jẹ́ kí a rò pé fọ́tò ti mọ́lẹ̀ tó, a ó sì tẹ̀ ẹ́ sókùnkùn. Bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ fi máa wọ̀n ọ́n, ẹ tẹ fọ́tò kan ní lábù tí ẹ ń lò, ẹ dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́nítọ̀ ní ọ̀sán níbi tí oòrùn kò ti kàn án tààrà, kí ẹ sì máa dín ìmọ́lẹ̀ kù títí méjèèjì á fi jọra. Ẹ yan sRGB tàbí 6500K nínú mẹ́nù. Ìyẹn nìkan á ti mú ojú fọ́tò yín yàtọ̀.

Ẹ̀rọ kékeré wà tí a ń gbé lé ojú mọ́nítọ̀ kó wọn àwọ̀ rẹ̀. Datacolor ń ṣe ti Spyder, Calibrite náà ń ṣe tiwọn, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ DisplayCAL sì lè bá púpọ̀ nínú wọn ṣiṣẹ́. Owó rẹ̀ pọ̀ fún ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ a kì í lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ àwọn ayàwòrán àdúgbò kan náà pé kí wọ́n dá àjọ rà á. Ènìyàn mẹ́wàá lè dá a jọ, kí ó máa yí kiri láti ilé dé ilé, kí ẹni tó bá gbà á wọn mọ́nítọ̀ rẹ̀ ní àṣálẹ́ kan, kó sì gbé e fún ẹni tó kàn lọ́jọ́ kejì.